Odò Tí Wẹ́dà Gbẹ́ Sẹ́yìnkùlé

Ìyá Onídìrí kì í ṣe ẹni tí ń jókòó. Orí ìdúró ló ti ń dirun fún àwọn ènìyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ló ti ń jẹun, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá orí ìdúró náà ló ti ń sùn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó gorí àga nínú ṣọ́ọ̀bù láti pààrọ̀ gílóòbù, tí àga yẹ̀, tó sì fi ìbàdí gbálẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì, kì í ṣe eegun nìkan ló dá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, eegun náà sì jiná, àmọ́ ẹsẹ̀ yarí, ó ní òun ò bá a lọ mọ́. Bó bá gbé e, ńṣe ló ń ṣe é bíi pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló yá lò.

Ọmọbìnrin kan wà nílé ìwòsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn tí eegun wọn dá ní ìrìn padà. Dókítà Ẹsẹ̀ ni Ìyá Onídìrí ń pè é. Òun ló mú un lọ síbi omi ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà.

“Mọ́mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, omi máa bá yín gbé ìdajì ara yín.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ tàdúrà-tàdúrà. Nígbà tí omi mù ún dé àyà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó tún gbé. Ẹsẹ̀ tó ti ń ṣe agídí láti ọjọ́ yìí wá ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n fi súìtì tàn.

“Ẹ wá wò mí o!” ló ń pariwo. “Ẹ wá wo èmi náà! Mò ń rìn!”

Ọkọ rẹ̀ dúró lókèèrè, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wẹ́dà ni ọkùnrin yìí. Géètì, àgbá omi, irin fèrèsé, kò sí èyí tí kì í jó pọ̀. Ènìyàn sìgbọnlẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ tó kún agbọ̀n, tirẹ̀ ò ní kún ìdérí ìgò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ náà sì ń yá díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ilẹ̀ omi ìlúwẹ̀ẹ́ náà ti là, gbogbo omi ti gbẹ sínú ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Dókítà Ẹsẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò, Ìyá Onídìrí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bú sẹ́kún.

“Wọ́n ti gba ẹsẹ̀ mi padà lọ́wọ́ mi,” ló ń sọ. “Ẹsẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.”

Wẹ́dà ń wa mọ́tò lọ, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró gbì-gbì-gbì ló jí Ìyá Onídìrí. Ó fa ara rẹ̀ dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìnkùlé, nínú ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, ó gbé dígà sókè, ó ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí okùn ìsáṣọ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó ti ká okùn ọ̀hún kúrò, ó sì ti gbé e kọ́ sí ọrùn ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

“Bàbá wọn! Kí lẹ̀ ń wá nínú ilẹ̀ yẹn?”

“Omi.”

“Omi? Ẹ̀rọ omi wà nínú ilé. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún gbé dígà. Ó kọ́kọ́ rú ìyàwó lójú. Ìgbà tọ́rọ̀ náà yé e, ó ṣí fèrèsé náà gbayawu, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó sì ń wò ó.

Ilẹ̀ kì í gbọ́ dígà kí ará àdúgbò má gbọ́. Ẹni tó ní ṣaláńgá ni wọ́n ń gbẹ́ ń bẹ, ẹni tó ní ilé abẹ́ ilẹ̀ ni ń bẹ. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ yọjú lórí ògiri, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé ṣì ń mí. Ìyá Onídìrí dá a lóhùn látojú fèrèsé pé, “Mò ń mí o, mà! Àní mo fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ ni!”

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bọ̀dá Káfíńtà, gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ó dé tòun ti ayùn àti àpótí ìṣó, ìwọ̀nyí kò jìnnà sí i rí. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà fẹ́ kí odò náà rí rogodo, nítorí àgbá omi ló mọ́ ọn lọ́wọ́, rogodo sì ni gbogbo àgbá. Bọ̀dá Káfíńtà ní pákó lòun máa fi yí etí rẹ̀ ká kí ènìyàn lè rí ibi jókòó, kí ẹsẹ̀ má sì kan yẹ̀ẹ̀pẹ̀, pé láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá igi, gbọọrọ ni pákó.

“Tẹ̀ ẹ́,” ni Wẹ́dà wí.

“Kí n tẹ pákó? Ṣé irin ni? Ìwọ ń tẹ irin, o rò pé gbogbo nǹkan ayé ló gbọdọ̀ tẹ̀ fún ẹ!”

“Rogodo ló dáa.”

“Lójú ta ni? Àgbà wo ló ń wẹ̀ nínú ìkòkò?”

Bí wọ́n ṣe ń fa èyí mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìyẹn títí oòrùn fi kanrí, ihò sì wà láàárín wọn bí ọmọ tí bàbá méjì ń du. Ìyá Onídìrí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan. Nígbà tó sú u, ó fi ọ̀pá náà gbá páànù, ó dún gbàà.

“Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ta ló fẹ́ rìn nínú ẹ̀?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

“Bó bá rí rogodo, ńṣe ni màá máa pòòyì bí ajá tó fẹ́ jẹ ìrù ara ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ṣe é bí yàrá onígun mẹ́rin, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni, màá ti fi imú gbá ògiri. Mo fẹ́ kó gùn, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀nà tó lọ láti pálọ̀ dé yàrá. Mo fẹ́ àtẹ̀gùn tó gbòòrò. Mo fẹ́ irin tí mo máa dì mú láti òkè àtẹ̀gùn títí dé ìparí. Ẹ fi pákó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n lè rí ibi bọ́ bàtà mi sí. Ó tán.”

Bọ̀dá Káfíńtà wo àbúrò rẹ̀. “Báwo lo ṣe fẹ́ ẹni tó lọ́gbọ́n báyìí, ìwọ yìí?”

“Orí ni,” ni Wẹ́dà wí.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Onídìrí ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Wọn kì í gbé e bí ẹyin mọ́, nítorí kò sẹ́ni tí ń gbé ọ̀gá bí ẹyin. Òun ló ń kígbe pé yanrìn ti pọ̀ jù, òun ló ń sọ pé kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n gbẹ́ ihò náà títí, wọ́n jẹ́ kí ìpẹ̀kun kan jìn díẹ̀ ju èkejì lọ. Kí wọ́n tó pinnu bí yóò ṣe jìn tó, Wẹ́dà na téèpù sí ìyàwó rẹ̀ lára, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àyà.

“Kí lo ń wọ̀n?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. “Iṣẹ́ àwa káfíńtà lo ń ṣe yẹn. Bí mo bá ń wọn èèyàn báyẹn, àwọn ẹbí ẹ̀ ti ń sunkún.”

Ìyá Onídìrí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú pé ó ń dun òun, kí wọ́n má pa òun.

Wẹ́dà di irin ọ̀pá pọ̀ bí àwọ̀n, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ihò, ó sì gbé e yí ẹ̀gbẹ́ ká. Wọ́n po sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n dà á lé e, wọ́n sì ń fi omi rin ín láràárọ̀ kó má baà là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́ ẹ, tí wọ́n sì lẹ táìsì aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ ọn látòkè délẹ̀. Irin ìdìmú ló gba Wẹ́dà lọ́kàn jù. Bó ṣe jó o pọ̀ tán, ó jókòó tì í, ó ń fi bébà oníyanrìn fá a, ó ń fá a. Ìyá Onídìrí di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀.

“Ibo ni oríkèé ẹ̀ wà?”

“Ó wà níbẹ̀,” ni Wẹ́dà fèsì, inú rẹ̀ sì dùn dé ìpàkọ́.

Bọ̀dá Káfíńtà náà kò sùn. Ó to igi tó nípọn sísàlẹ̀, ó kan pákó lé e lórí, ó sì fi àlàfo tíńtín sáàárín wọn kí omi lè máa jò gba ibẹ̀ lọ. Ó fi epo ra pákó náà títí tó fi ń dán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí wọ́n sì ti fa omi kún un, ńṣe ni gbogbo wọn dúró, tí wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Àmọ́ oòrùn ọ̀sán yọ, ó sì tú àṣírí. Kò sí ìbòòji kankan níbẹ̀. Bọ̀dá Káfíńtà bọ́ bàtà, ó gun orí pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó sì fò sókè bí ẹni tó tẹ iná. Bíi pé ìyẹn ò tó, igi ńlá kan wà lẹ́yìn ògiri, nílé aládùúgbò wọn, tí ẹ̀ka rẹ̀ yọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìbòòji rẹ̀ kì í dé orí pákó lọ́sàn-án, àmọ́ ewé rẹ̀ ń dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi náà ti dàbí ọbẹ̀ tí wọ́n ya ewé sí.

“Màá gé e,” ni Wẹ́dà wí.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú èyí. Aládùúgbò náà, Kápúténì, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì, òun àti Wẹ́dà kì í sì í kíra. Ìró ẹ̀rọ tí Wẹ́dà fi ń lọ irin ló ń jí i lójú oorun ọ̀sán. Lọ́dún kan tínú bí i, ó sọ sálúbàtà kan sí wọn láti orí ògiri. Wẹ́dà gbé sálúbàtà náà lé orí ògiri kí ẹni tó ni ín wá mú un. Kápúténì ní ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni kó wá gbé e sọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi ká a kò bí ewé tábà.

“Ẹ má gé nǹkan kan,” ni Ìyá Onídìrí wí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì yí lọ sílé kejì.

Abẹ́ igi náà gan-an ló bá Kápúténì, lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ó di ojú.

“Ẹ káàsán o, Kápúténì.”

“Ìyàwó Wẹ́dà!” Bàbá náà dìde. “Ta ló ní kó o máa rìn kiri? Jókòó, jókòó. Ara ńkọ́?”

“Ara ti ń le, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka igi yín ló gbé mi wá. Ewé ẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu.”

Ojú Kápúténì yí padà. “Bí ọkọ rẹ bá fọwọ́ kan igi yìí, àwa méjèèjì a jọ dé iwájú adájọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Wọ́n tẹ́tí. Atẹ́gùn fẹ́, ewé náà sì ń dún ṣàà, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

“Láti ìgbà tí mo ti kúrò lójú omi,” ni bàbá náà wí, “ìyẹn nìkan ló kù tó jọ ìró ẹ̀ létí mi. Ìdí tí mo fi ń di ojú nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé mò ń sùn.”

Ìyá Onídìrí nawọ́ sí ògiri, ó ní, “Kápúténì, omi wà lẹ́yìn ògiri yín.”

“Omi kíni?”

“Odò ni. Ó gùn, ó mọ́ gaara, wọ́n sì kan pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oòrùn ló kàn ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.”

Bàbá náà kò dúró wọ bàtà. Nígbà tí Wẹ́dà gbójú sókè, Kápúténì ti wà lórí pákó, ẹsẹ̀ lásán, ó ń rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò tiẹ̀ jọ pé ó gbóná mọ́ ọn. Ó fi gìgísẹ̀ gbá a, ó tẹ́tí.

“Ta ló kan èyí? Ó ń dún bí inú ọkọ̀!”

Bọ̀dá Káfíńtà gba oríyìn náà tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. Wẹ́dà ń nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, kò mọ̀ bóyá kí òun kí i tàbí kí òun máà kí i. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Kápúténì ní, “Pẹ̀lẹ́ o, Wẹ́dà. O ṣiṣẹ́.” Ibi tí ìjà ọjọ́ pípẹ́ parí sí nìyẹn. Ẹni tó ń retí kí wọ́n pe ìpàdé ìlàjà yóò dúró títí.

Kápúténì wọlé lọ, ó gbé aṣọ ìgbòkun kan jáde, aṣọ funfun tó le, tó ti bá afẹ́fẹ́ jìjàkadì lójú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wẹ́dà ri òpó irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Wọ́n fi okùn so igun aṣọ náà mọ́ òpó, wọ́n so apá kejì mọ́ ara igi Kápúténì, wọ́n sì dá a kó dagun, kí ewé tó bá jábọ́ lè máa yọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Wẹ́dà fẹ́ fi irin ìkọ́ gbé okùn náà, Kápúténì ní kó fi sílẹ̀, kó jẹ́ kí aṣọ náà máa mí. Wọ́n jiyàn lé e dáadáa, wọ́n sì gbádùn àríyànjiyàn ọ̀hún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà dé tí Ìyá Onídìrí wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tó fi rábà bo irun rẹ̀. Kápúténì àti Bọ̀dá Káfíńtà jókòó sábẹ́ ìbòòji, pákó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó di irin mú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi gùn ún dé orúnkún, dé ìbàdí. Ó dúró. Kò pariwo bó ṣe pariwo nílé ìwòsàn. Ó kàn mí sínú, ó sì gbéra, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń tọ irin lọ.

“Bàbá wọn, ẹ bọ́ sínú omi kẹ́ ẹ wá bá mi rìn.”

Wẹ́dà ń fi àkísà nu òpó irin tí kò dọ̀tí. “Ara mi ò tíì gbóná.”

“Omi lẹ fẹ́ wọ̀, kì í ṣe iná!”

“Mo máa wọ̀ ọ́ tó bá yá. Jẹ́ kí n wo okùn yìí ná.”

Ó gbójú sókè wo okùn, ó fẹ̀yìn rìn kó lè rí i dáadáa, ó tún fẹ̀yìn rìn sí i. Pákó parí. Wẹ́dà ré sínú omi gbàdàà, tòun ti fìlà, omi sì ta dé ojú àwọn àgbàlagbà méjèèjì.

“Mo kú o! Ẹ gbà mí! Mò ń rì!”

Ìyá Onídìrí kò ronú. Ó ju irin sílẹ̀, ó ń fi àyà gé omi lọ, gbà-gbà-gbà, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín odò, tó sì gbá a lọ́rùn aṣọ mú.

“Ẹ dìde dúró!”

“Mi ò lè! Ó jìn!”

“Ẹ na ẹsẹ̀ yín, Bàbá wọn! Ẹ nà á!”

Ó na ẹsẹ̀. Ó dúró. Ìdodo ni omi mù ún dé. Ó wo ara rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, fìlà rẹ̀ sì ń léfòó lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín pa Kápúténì débi tó ń fi ọwọ́ gbá pákó.

“Èmi mọ̀,” ni Bọ̀dá Káfíńtà wí bó ṣe ń nu omijé ẹ̀rín. “Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń sá fómi. Kí ìyá wa tó lè wẹ̀ fún un, á kọ́kọ́ lé e yí ilé po.”

Ìyá Onídìrí yíjú sí ọkọ rẹ̀. Gbogbo bó ti ń gbẹ́lẹ̀, tó ń di irin, tó ń fá irin ìdìmú, òun kò fura rárá.

“Ẹ̀ ń bẹ̀rù omi, ẹ wá lọ gbẹ́ odò sẹ́yìnkùlé ara yín?”

“Ìwọ lo fẹ́ wọ̀ ọ́,” ni Wẹ́dà wí. “Kì í ṣe èmi.”

Ìyá Onídìrí fi omi ṣan ojú, kí wọ́n má baà mọ èyí tó jẹ́ omi odò àti èyí tí kì í ṣe. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun ò di nǹkan kan mú. Irin wà lọ́hùn-ún, òun sì dúró láàárín odò lórí ẹsẹ̀ ara òun.

Nígbà tí Dókítà Ẹsẹ̀ wá kí wọn, tó rí odò náà, ó tọ́ irin ìdìmú wò, ó tẹ àtẹ̀gùn wò, ó sì béèrè bóyá òun lè máa mú aláìsàn kan tàbí méjì wá nígbà mìíràn, nítorí tilé ìwòsàn ṣì gbẹ síbẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Onídìrí fi gbà. Bó ṣe di pé bàbá olórúnkún dídùn kan àti ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ ń wá nìyẹn. Ìyá Onídìrí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú omi, ó ń pàṣẹ, ó ń ṣe àwàdà. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń jókòó dirun nígbà mìíràn báyìí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìjókòó ò burú ni.

Ti Wẹ́dà ló pẹ́. Ó kọ́kọ́ ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ omi. Nígbà tó yá, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ rìn, ó di irin mú ṣinṣin. Kápúténì ní kí wọ́n jẹ́ kó dẹ̀yìn délẹ̀ lórí omi, pé a kì í bá omi ṣe agídí, pé ẹni tó bá fara sílẹ̀ lomi ń gbé.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn tutù, ó gbà. Ó na gbalaja sórí omi, àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

“Má yọwọ́ o.”

“Mi ò tíì yọ ọ́. Ẹ máa wo òkè.”

Ó ń wo òkè. Kò pẹ́ tó fi ní, “Wo òpó yẹn.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó wọ́. Bọ̀dá ló dì í mú fún mi lọ́jọ́ tí mò ń rì í. Mo ní kó má mì, ó ń bá Kápúténì sọ̀rọ̀. Láti orí ilẹ̀ èèyàn ò lè rí i, àfi téèyàn bá dùbúlẹ̀ síbí. Wò ó, ó tẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Màá gé e nísàlẹ̀, màá tún un jó…”

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tóyẹn lẹ́ẹ̀kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó ń ṣàlàyé lọ, ó ń fi ìka júwe òpó, omi sì gbé e dẹ̀dẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tẹ́. Ìyá Onídìrí ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ní ìpẹ̀kun odò, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu etí, ó sì ń dá a lóhùn látibẹ̀ pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá wọn, mò ń gbọ́ yín.”